Àkísà Tí Atẹ́gùn Kò Fẹ́

"Bàbá, ẹ ṣe bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ máa gbà?"

Gbóyèga so àkísà tó kẹ́yìn mọ́ ẹnu àgbá, ó sún sẹ́yìn, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn ojú. Bàbá Akínlẹ́yẹ káfíńtà sọ òòlù rẹ̀ sílẹ̀, ó ń wo ihò mẹ́ta tí àwọn méjèèjì ti ń kàn láti àárọ̀. Àgbá ọ̀dà ni wọ́n fi ṣe wọ́n. Wọ́n gé ìdí àwọn àgbá náà kúrò, wọ́n fi wáyà so wọ́n mọ́ ara wọn, wọ́n wá da ẹní àti tàpólì bò wọ́n. Èèyàn lè rí ìmọ́lẹ̀ nínú ihò ọwọ́ òsì àti ti àárín. Ti ọwọ́ ọ̀tún ṣókùnkùn biribiri.

"Tí mi ò bá mọ̀ ni, ibi tó mọ́lẹ̀ ni mo máa gbà," ni Bàbá wí.

"Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n máa há sí!" Gbóyèga bú sẹ́rìn-ín. "Gbogbo wọn á ti gbàgbé pé èèyàn lè fi ìṣó dá ihò sí pátákó tí a fi dí ìdí wọn kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé. Èyí tó ṣókùnkùn yìí ló ṣẹ́ kọ́rọ́, tó já síta."

"O fẹ́ yan àwọn ọmọ ọlọ́mọ jẹ nìyẹn."

"Rárá o, Bàbá! Ìdí tí mo fi so àkísà nìyẹn. Ihò tó bá já síta nìkan ni atẹ́gùn lè gba inú rẹ̀ kọjá. Àkísà ẹnu rẹ̀ nìkan ló máa mì. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wò ó á mọ̀."

Bàbá wo àkísà, ó wo ọmọ náà, ó mi orí. "Ọmọ yìí, orí rẹ kì í sinmi," ló sọ, ohùn rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹni tí inú rẹ̀ dùn.

Ọdọọdún, lọ́jọ́ Mọ́ńdè Àjíǹde, ni àwọn ará àdúgbò wọn ní Ìgàndó máa ń sá eré tí wọ́n ń pè ní Fò-ó-rákò, ní pápá tó wà lẹ́yìn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe eré ńlá. Táyà tó ti gbó, àwọ̀n ẹja, àpò yẹ̀pẹ̀, àti pátákó tóóró tí wọ́n gbé dábùú kòtò ẹrẹ̀ ni wọ́n fi ń dí àwọn eléré lọ́nà. Síbẹ̀, àwọn èèyàn ń ti Ìṣẹ̀rí-Olófin, Ìdímù àti Ẹ̀gbẹ́dá wá wò ó, nítorí pé kì í ṣe ẹni tó yára jù ló máa ń borí. Ọmọbìnrin kúkurú kan ti rákò kọjá àwọn géńdé mẹ́fà lábẹ́ àwọ̀n rí. Akọ̀wé báńkì kan já sínú ẹrẹ̀ lọ́dún kan, ó jáde, ó ń rẹ́rìn-ín ara rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọmọdé ti bẹ̀rẹ̀ sí í kí i ní òpópónà. Onílé àti ayálégbé, ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́, ẹrẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń wọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Eré náà ní òfin kan. Ẹni tó bá borí lọ́dún yìí kò ní sá a lọ́dún tó ń bọ̀; òun ni yóò to ọ̀nà fún àwọn tó kù. Òun àti káfíńtà tó ń bá a kàn án nìkan ló gbọ́dọ̀ mọ bí ọ̀nà náà ṣe rí. Kí fèrè tó dún, àwọn méjèèjì á di ọwọ́ alága mú níwájú gbogbo èèyàn, wọ́n á sì sọ pé, "Ẹnu mi kò sọ ọ́." Bàbá Akínlẹ́yẹ, ará Èkìtì tó ti dàgbà, ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún ọdún mẹ́jọ. Kì í gba nǹkan kan fún iṣẹ́ náà. Ó kàn fẹ́ràn láti jókòó sórí àpótí rẹ̀ lẹ́yìn tó bá parí, kó máa wo àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń ṣubú.

Lọ́dún 1991 yìí, Gbóyèga, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ló kàn láti to ọ̀nà. Ó ti ń yàwòrán ihò mẹ́ta yẹn sẹ́yìn ìwé ìṣirò rẹ̀ láti oṣù kìíní.

Ní ọ̀sán Sátidé tí wọ́n kàn án yẹn, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi tàpólì bo gbogbo rẹ̀, Gbóyèga gbé garawa lọ sídìí ẹ̀rọ omi. Báyọ̀dé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì, ti wà lórí ìlà níwájú rẹ̀.

"Ọ̀gá onípátákó!" Báyọ̀dé kígbe. "Mo gbọ́ pé ẹ ti to táyà mẹ́ta sílẹ̀. Ṣé ká máa ka ABD lórí ẹ̀ ni?"

"Máa yọ ṣùtì sí i. Ọjọ́ Mọ́ńdè ò jìnnà."

"Yẹ́misí tiẹ̀ ní kí wọ́n fi aṣọ di òun lójú, òun á sá a tán kó o tó pajú dé."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Gbóyèga lára. Yẹ́misí ló ń ṣe ipò kìíní nínú ìṣirò ní kíláàsì wọn. Òun Gbóyèga ló ń ṣe ipò kejì, láti ọdún méjì sẹ́yìn.

"Yẹ́misí kẹ̀? Iwájú ihò mẹ́ta yẹn ló máa dúró sí tí á máa họ orí!"

"Ihò mẹ́ta wo?"

Gbóyèga pa ẹnu dé. Ọ̀rọ̀ ti bọ́.

"Irọ́ ni ṣá," Báyọ̀dé sọ, ó yíjú sí garawa rẹ̀. "Ihò lásán-làsàn. Kí ló le nínú kéèyàn rá wọ inú ihò? Ọmọ ọdún mẹ́ta ń ṣe é."

Ká ní Gbóyèga dákẹ́ níbẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán. Ṣùgbọ́n ohun tó ti gbé sọ́kàn fún oṣù mẹ́ta ń ta á lẹ́nu bí ata. Ó wò yíká, ó mú igi kékeré kan, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì yàwòrán gbogbo rẹ̀ sórí iyanrìn: èyí tó mọ́lẹ̀, èyí tó ṣókùnkùn, àkísà, atẹ́gùn. Báyọ̀dé bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tó yé e, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Gbóyèga, orí ẹ pé o! Orí ẹ pé gan-an ni."

Ìyìn yẹn dùn mọ́ ọn débi pé garawa omi kò wúwo lórí rẹ̀ dé ilé. Ó ti fi ẹsẹ̀ nu àwòrán náà rẹ́. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé Báyọ̀dé kò ní fi í ṣe nǹkan kan. Ṣebí ọ̀rẹ́ òun ni.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, èrò kún pápá. Ọ̀gbẹ́ni Olúdayọ̀, alága eré náà, tí í ṣe ọ̀gá ilé ìwé, na ọwọ́ jáde. Bàbá Akínlẹ́yẹ dì í mú. "Ẹnu mi kò sọ ọ́," ló wí, ohùn rẹ̀ sì dé ẹ̀yìn èrò. Ó wá kan Gbóyèga. Ọwọ́ alága gbẹ, ó sì lágbára. Ọwọ́ Gbóyèga tutù.

"Ẹnu mi kò sọ ọ́."

Ó yà á lẹ́nu bí irọ́ náà ṣe jáde wẹ́rẹ́.

Fèrè dún. Àwọn mẹ́rìnlá ló bẹ́ jáde. Táyà gbé àwọn kan ṣubú, àwọ̀n mú bọ́tìnì àwọn mìíràn, kòtò ẹrẹ̀ gbé mẹ́rin mì lẹ́ẹ̀kan náà, èrò sì ń hó yèè. Yẹ́misí ló kọ́kọ́ dé iwájú ihò mẹ́ta. Kò wọlé. Ó dúró, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó gbójú sókè wo àwọn àkísà. Gbóyèga rí i tí ojú rẹ̀ tàn lójijì.

Ó ti yé e!

Ṣùgbọ́n àkísà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rọ̀ wọlẹ̀ láìmì. Òjò ti ṣú láti àárọ̀, gbogbo afẹ́fẹ́ dúró jẹ́ẹ́. Ewé kan kò mì lórí igi máńgòrò ilé ìwé. Yẹ́misí ń wò, ó ń dúró, ó tún ń wò. Gbóyèga ro ọ̀pọ̀lọpọ̀ nǹkan nípa ọ̀nà yẹn, kò rò ó rí pé ọjọ́ kan lè wà tí atẹ́gùn kò ní fẹ́.

Ibẹ̀ ni Báyọ̀dé ti sáré dé, ẹrẹ̀ dé etí rẹ̀. Kò dúró. Kò wòkè. Ó kọjá lára Yẹ́misí, ó sì bẹ́ gìjà sínú ihò tó ṣókùnkùn jù lọ, bí ẹni tó ń wọ yàrá ara rẹ̀.

Wọ́n gbé Báyọ̀dé sókè, wọ́n gbé ẹ̀bùn rẹ̀ fún un: bàtà eré ìje tuntun, funfun báláú. Lẹ́yìn náà, Yẹ́misí jáde síwájú, ẹrẹ̀ ṣì wà nínú irun rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ bi Gbóyèga ní nǹkan kan. Àkísà tó bá ń mì ni ọ̀nà, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," Gbóyèga dáhùn.

"Mo mọ̀! Mo wò wọ́n títí. Kò sí èyí tó mì. Atẹ́gùn ò fẹ́ rárá. Kí ni Báyọ̀dé wá fi mọ̀ ọ́n? Kò tiẹ̀ wòkè!"

Ariwo èrò lọ sílẹ̀.

"Mo kàn yàn án ni," Báyọ̀dé sọ. "Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn ṣe oríire?"

"O fi ibi tó mọ́lẹ̀ sílẹ̀, o lọ yan inú òkùnkùn?"

Báyọ̀dé wolẹ̀. Obìnrin kan láàárín èrò sọ ọ́ síta: "Ẹni méjì péré ló mọ ọ̀nà yẹn o!" Ẹlòmíràn dáhùn láti ẹ̀yìn: "Ilé bàbá ta ni káfíńtà ń gbé ná?"

Ìyẹn ti tó. Òótọ́ ni pé ní ilé bàbá Báyọ̀dé ni Bàbá Akínlẹ́yẹ háyà yàrá kan sí. Gbogbo ojú yí sí i níbi tó jókòó sí lórí àpótí rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Olúdayọ̀ sún mọ́ ọn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ̀rọ̀."

Bàbá dìde. "Èmi kọ́," ló wí.

"Gbóyèga, ìwọ ńkọ́?"

Bàbá Akínlẹ́yẹ yíjú sí Gbóyèga. Kò fajú ro. Ó kàn ń wò ó, ó ń retí. Gbóyèga rí màmá rẹ̀ láàárín àwọn obìnrin, ó rí Yẹ́misí, ó rí ọwọ́ tó fi búra.

"Èmi kọ́, sà."

Bàbá gbé àpótí rẹ̀, ó sì rìn lọ sílé. Kò sí ẹni tó sọ pé ó dìgbà.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ilé ìwé ti gba iṣẹ́ àtúnṣe ìjókòó ogójì tí wọ́n ti gbé fún Bàbá padà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e fún káfíńtà mìíràn. Bí ó bá kọjá, àwọn ọmọdé á máa pàtẹ́wọ́, wọ́n á máa kọ ọ́ lórin: "Bàbá ló sọ ọ́, Bàbá ló sọ ọ́." Ó ń kí àwọn èèyàn ní òpópónà, wọ́n á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Nídìí oúnjẹ alẹ́ Ọjọ́bọ̀, màmá Gbóyèga, Ìyáàfin Agnes, tí í ṣe olùkọ́, mí kanlẹ̀. "Bàbá yẹn náà! Èèyàn jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀! Ọpẹ́ ni pé ìwọ ò lọ́wọ́ sí i." Ó mú ẹran láti inú àwo tirẹ̀, ó fi sí ti Gbóyèga. Gbóyèga dá a padà sínú àwo màmá rẹ̀. Ó ní òun ti yó, ó sì dìde.

Ó lọ bá Báyọ̀dé. Bàtà funfun yẹn ni Báyọ̀dé wọ̀.

"Jẹ́ ká lọ sọ òótọ́," Gbóyèga bẹ̀ ẹ́.

"Òótọ́ wo? Ọ̀rọ̀ ti tán, jàre."

"Kò tíì tán lára Bàbá."

"Ta ló ní kó o yàwòrán sílẹ̀? Èmi ni?" Báyọ̀dé rẹ ohùn sílẹ̀. "Èmi ò búra fún ẹnikẹ́ni o. Ìwọ lo di ọwọ́ alága mú. Tó o bá sọ ọ́, ìwọ ni wọ́n máa bú jù. Ronú sí i, ọ̀rẹ́."

Gbóyèga ronú sí i. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyẹn: òótọ́ ni Báyọ̀dé sọ. Ó fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko wá ọ̀nà mìíràn. Ó rò ó láti kọ lẹ́tà láì kọ orúkọ sí i. Ó rò ó láti sọ pé bóyá ẹnì kan yọjú wo abẹ́ tàpólì. Gbogbo ọ̀nà tó wá sí i lọ́kàn ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú irọ́ mìíràn.

Ní Sátidé kejì, ó gba iwájú ìsọ̀ Bàbá kọjá, ó sì gbọ́ ìró àáké. Bàbá Akínlẹ́yẹ ń la igi ìdáná. Gbóyèga wò ó dáadáa. Àwọn pátákó Fò-ó-rákò ni, èyí tí Bàbá ti ń tọ́jú fún ọdún mẹ́jọ, tó máa ń kùn ní ọ̀dà kó má bàa jẹrà.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá."

"Oo."

"Ṣé ẹ ò ní lò wọ́n mọ́ ni?"

"Kí ni mo tún fẹ́ fi wọ́n ṣe?"

Àáké tún lọ sókè, ó bọ́ sílẹ̀. Pátákó là sí méjì.

"Bàbá, mo…"

Bàbá sọ àáké sílẹ̀. Ó nà ró, ó yíjú sí i, ó dúró. Adìẹ kan ń tú ìdọ̀tí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Mo ní kí n kí yín ni."

"O ṣeun," ni Bàbá wí. Ó tún gbé àáké.

Gbóyèga rìn títí ó fi já sí ojú títì Ìkòtún kó tó mọ̀ pé òun ti kọjá ilé. Ojú ń tì í débi pé kò lè wo ojú àwọn tó ń pàdé. Ọjọ́ Mọ́ńdè, ẹ̀rù ló bà á. Ti òní yìí kì í ṣe ẹ̀rù. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Òun àti Bàbá nìkan ni, ilẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀ gbayawu, òun ló tì í padà.

Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, àwọn ará àdúgbò ṣe ìpàdé nínú kíláàsì kan nílé ìwé náà, Ọ̀gbẹ́ni Olúdayọ̀ sì ni alága. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí gọ́tà nígbà tí Gbóyèga nàwọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ gọ́tà ni mo fẹ́ sọ."

Ó di tábìlì mú.

"Bàbá Akínlẹ́yẹ kọ́ ló sọ ọ́. Èmi ni. Mo yà á sílẹ̀ fún Báyọ̀dé nídìí ẹ̀rọ omi. Kò fún mi ní nǹkan kan. Mo kàn fẹ́ kó mọ̀ pé mo gbọ́n ni. Lẹ́yìn náà mo di ọwọ́ yín mú, mo purọ́. Ẹ tún bi mí, mo tún purọ́."

Màmá rẹ̀ fi gèlè bojú. Bàbá Báyọ̀dé dìde, ó lọ sílé, ó sì gbé bàtà funfun náà wá, ó gbé e síwájú alága. Wọ́n ní kí Yẹ́misí gbà á.

"Èmi náà ò jáde nínú ihò kankan, sà," Yẹ́misí dáhùn. Ó yíjú sí Gbóyèga. "Àti pé èmi náà wà lára àwọn tí ò dáhùn ìkíni Bàbá."

Ọ̀gbẹ́ni Olúdayọ̀ ló kọ́kọ́ dìde. Ó tó ogún èèyàn tó tẹ̀ lé e dé ìsọ̀ káfíńtà. Gbóyèga dọ̀bálẹ̀ sórí èérún igi tí Bàbá là lánàá. Àwọn àgbàlagbà ń bẹ̀bẹ̀ lókè orí rẹ̀.

"Dìde," Bàbá sọ fún un. "Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ náà. Ẹni méjì ló mọ ọ̀nà yẹn, mo sì mọ̀ pé èmi kọ́."

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Kí n sọ pé ọmọdé ló ṣe é, ta ni ì bá gbà mí gbọ́? Mo rò pé o máa sọ ọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Nígbà tí o kò sọ ọ́, mo ní bóyá lọ́la. Lánàá tí o dé ibí, mo sọ àáké sílẹ̀ kí n lè gbọ́ ọ dáadáa."

Gbóyèga bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Ẹ dárí jì mí, Bàbá."

"Mo ti dárí jì ọ́." Bàbá wo gbogbo wọn yíká, ó padà wo ọmọ náà. "Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́tàlá ni mo fi kí àwọn èèyàn ní òpópónà yìí tí wọn ò dá mi lóhùn. Ọjọ́ mẹ́tàlá yẹn, Gbóyèga, ta ló máa dá wọn padà fún mi?"



Ilé ìwé dá iṣẹ́ ìjókòó padà fún Bàbá, ó sì gbà á. Àwọn ọmọdé dẹ́kun orin. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní kó wá kan Fò-ó-rákò lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì ní ó ti rẹ òun. Káfíńtà mìíràn ló bá wọn ṣe é. Gbóyèga wà láàárín èrò tó ń wòran; wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú àwọn tó lè sá eré náà tàbí to ọ̀nà rẹ̀, kò sì ráhùn. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí Bàbá máa ń gbé àpótí rẹ̀ sí, ó fi àyè ibẹ̀ sílẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró sí i.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ohun tí Gbóyèga kọ́ kò ṣòro láti sọ. Àṣírí tí wọ́n fi sí ọ lọ́wọ́ kì í ṣe ohun tí o lè fi wá ìyìn fún ara rẹ, bó ti wù kí ó dùn lẹ́nu tó. Bí o bá sì ti ṣàṣìṣe, sọ ọ́ lọ́jọ́ tí o ṣe é, kódà bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́. Nítorí gbogbo ọjọ́ tí o bá fi dákẹ́, ẹlòmíràn ló ń bá ọ jẹ ìyà rẹ̀, kò sì sí ẹ̀bẹ̀ tó lè mú àwọn ọjọ́ náà padà wá.